Daniel Tó Ju Kọ́kọ́rọ́ Bààlúù Síta

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni mo gbé wá. Ọkùnrin kan yọ kọ́kọ́rọ́ lára bààlúù tó wà lókè réré, ó sì jù ú síta. Bàbá tó bí i lọ́mọ gan-an ló ń wa bààlúù ọ̀hún o! Àmọ́ bí mo bá bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ẹ ó kàn pòṣé, ẹ ó ní wèrè ni, kálukú á sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Daniel Johnston lorúkọ ẹni tí à ń wí. Olórin ni, Amẹ́ríkà ni. Sacramento ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1961, ṣùgbọ́n West Virginia ló dàgbà sí, nínú ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ New Cumberland. Ọmọ márùn-ún ni ìyá wọn bí, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Ẹ mọ àbíkẹ́yìn, n kò ní bá yín pẹ́ lórí ìyẹn. Ìjọ Church of Christ ni wọ́n ń lọ, ìjọ tí wọn kì í lu ohunkóhun sí orin nínú ìsìn. Ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó sùn sídìí dùùrù ti jáde. Bàbá wọn, Bill, ti wa bààlúù ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún mi, a ó lò ó.

Màmá Daniel, Mabel ni wọ́n ń jẹ́, fẹ́ kí ọmọ wáṣẹ́ gidi ṣe, kó sin Ọlọ́run, kó sì palẹ̀ ẹ̀gbin yàrá rẹ̀ mọ́. Ta ló máa bá wọn wí? Daniel ní tirẹ̀ wà ní yàrá abẹ́ ilé látàárọ̀ dalẹ́, ó ń ya àwòrán, ó ń tẹ dùùrù, ó ń kọrin. Tó bá pẹ́ títí, màmá á dé sí i lórí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun: ọ̀lẹ ni, ọmọ ọ̀dọ̀ aláìlérè tí Bíbélì ń wí ló yà. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn? Ó ti tẹ rédíò. Ó ń gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀! Nígbà tó wá to orin rẹ̀ pọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ki èébú ìyá rẹ̀ bọ àárín orin. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ra orin náà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Tókíò, á gbọ́ bí màmá ṣe ń jẹ ọmọ wọn níyà ẹnu. Ká ní èmi ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún, rédíò yẹn ì bá ti bá ara rẹ̀ nínú kànga.

Rédíò ọ̀hún náà yẹ ní sísọ. Rédíò Sanyo ni, ti kásẹ́ẹ̀tì, kò ju dọ́là 59 lọ. Kò sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, kò sí ẹni tó ń lu ìlù, kò sí ẹni tó ń tún ohùn ṣe. Daniel á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù, á tẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe Songs of Pain ní ọdún 1981, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe Yip/Jump Music àti Hi, How Are You ní 1983. Nínú Hi, How Are You, ohun èlò orin tó lò jọ ohun ìṣeré ọmọdé, dùùrù kóńkó tó ń fi afẹ́fẹ́ kọrin. Bí ẹ bá tẹ́tí, ẹ ó máa gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń kan àwọn bọ́tìnnì rẹ̀, ká-ká-ká, bí ẹni ń fi ẹ̀kánná kan tábìlì. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe tẹ rédíò pa nígbà tí orin parí. Ohùn rẹ̀ wá tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ó jọ ohùn ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Kò ní ẹ̀rọ tó lè fi da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ òmíràn. Ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní rédíò ẹlẹ́nu méjì. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ bá ní, “Daniel, fún mi ní tèmi,” á jókòó, á sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo orin inú kásẹ́ẹ̀tì! Ẹni mìíràn bá tún béèrè, á tún jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́fíìsì, ṣé ẹ gbọ́?

Kí ló wá ń kọrin lé lórí? Obìnrin ni. Ẹ̀yin náà ti mọ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ẹ̀ka yunifásítì Kent State tó wà ní East Liverpool, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Laurie. Laurie rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣe dáadáa sí i, ó tán. Ọkùnrin mìíràn ni Laurie fẹ́. Ẹ wá béèrè iṣẹ́ ọkọ lọ́wọ́ mi. Òkú ni iṣẹ́ rẹ̀! Òun ló ń tọ́jú òkú, tó ń ṣètò ìsìnkú. Mo ti jókòó sídìí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìfẹ́ nínú àgbàlá yìí, mo ti rí ẹni tí sójà gba ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, mo ti rí ti àlùfáà, n kò tíì rí ẹni tí asìnkú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Daniel kò bá a jà, kò ṣépè. Orin ló ń kọ. Ó kọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó ṣì ń kọ ọ́ nígbà tí irun rẹ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní kó gbàgbé, kó wá ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní ó gbàgbé ni, ìdí wo ni à bá ní láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí?

Kì í ṣe Laurie nìkan náà ni. Ó kọrin kan tó ń jẹ́ Walking the Cow. Ibo lẹ rò pé ó ti rí i? Lára bébà tí wọ́n fi wé áísìkiriìmù Blue Bell ni, níbi tí wọ́n ya ọmọdébìnrin kan àti màlúù rẹ̀ sí. Ẹlòmíràn á lá áísìkiriìmù, á ju bébà nù. Daniel wo bébà títí ó fi di orin, orin ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ tí kò sì lè dúró. Ó kọ orin nípa Casper, iwin ọmọdé inú ìwé àwòrán, tí ayé kò fẹ́ nígbà tó wà láàyè. Ó kọ King Kong, ìnàkí ńlá inú fíìmù, láìlu nǹkan kan sí i. Ó kàn ń ròyìn fíìmù náà lọ láti orí títí dé ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìnàkí ló wà. Àánú ìnàkí ló ṣe é! Ó tún kọ True Love Will Find You in the End, ó ń fi ọkàn ẹni tí kò ní olólùfẹ́ balẹ̀ pé ìfẹ́ ń bọ̀, bí onítọ̀hún kò bá ti sápamọ́. Mo ti gbọ́ àwọn olórin olówó ńlá, tí wọ́n ní oníjó mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn, tí wọn kò lè sọ ohun kan ṣoṣo yẹn kó wọ mi lára bí ọmọkùnrin yìí ṣe sọ ọ́.

Ó dáa, mo mọ̀ pé bààlúù lẹ ń retí. Sùúrù.

Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston, bóyá á ríṣẹ́ ṣe. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní AstroWorld, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Láti ibẹ̀, òun àti alùpùpù kékeré kan poora. Ilé kò mọ ibi tó wà. Àṣé ó ti tẹ̀lé àwọn tó ń gbé ìṣeré kiri láti ìlú dé ìlú, àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí ọmọdé lókè, ó ń bá wọn ta sọ́sééjì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo bò, tí wọ́n dín, tí wọ́n ki igi bọ̀. Austin, olú ìlú Texas, ni ìrìn náà já sí.

Austin, ìlú olórin. Daniel ríṣẹ́ sí McDonald's, àmọ́ iṣẹ́ gidi tó wá ṣe ni pípín kásẹ́ẹ̀tì. Ó ti ya àwòrán àkèré kan tí ojú rẹ̀ yọ síta lórí igi méjì, ó pè é ní Jeremiah, ó sì kọ sára rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, “báwo ni, ṣé dáadáa ni?” Bó bá rí ẹ lójú pópó Guadalupe, á bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á fi kásẹ́ẹ̀tì lé ẹ lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Ní 1985, tẹlifíṣọ̀n MTV wá ya àwọn olórin Austin, Daniel sì já wọ inú rẹ̀. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè síwájú kámẹ́rà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ní 1986 ó lo oògùn olóró kan tí wọ́n ń pè ní LSD. Àìsàn ti ń lúgọ sínú orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àrùn ọpọlọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè fíofío, tó sì ń jù ú sílẹ̀ bọ̀ǹgẹ̀. N kò ní oògùn yẹn ló bí i, ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó fi irin lu mánéjà rẹ̀ ìgbà náà lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí èṣù níbi gbogbo, ó sì gbà pé òun gan-an ni Ọlọ́run yàn láti bá a jà. Àwọn ẹgbẹ́ olórin Sonic Youth gbà á lálejò ní New York ní 1988 láti gba orin sílẹ̀, ó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń wá a kiri. Ó lọ sínú Ère Òmìnira, ère obìnrin tó gbé iná dání létí òkun yẹn, ó ń ya ẹja tí àwọn Kristẹni fi ń ṣe àmì sára ògiri rẹ̀. Ọlọ́pàá mú un. Ẹ̀yin tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ní West Virginia, ó wọ ilé obìnrin àgbàlagbà kan, ó ní ẹ̀mí èṣù ló ń gbé inú rẹ̀, òun fẹ́ lé e jáde. Ìyá àgbàlagbà náà bẹ́ láti ojú fèrèsé òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́. Ìyá yẹn kì í ṣe ara orin kankan. Kò ra kásẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn kan tó máa ń sọ pé wèrè Daniel ló dùn, pé wèrè rẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀. Àwọn àgbà ti ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àwọn tó ń wò ó wà ní Austin àti New York, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó bí i ni Bill àti Mabel.

Ó yá, bààlúù wọlé.

Ọdún 1990 ni. Wọ́n ní kí Daniel wá kọrin ní Austin, ó lọ, ó kọ ọ́, ayé gbọ̀n. Ariwo àtẹ́wọ́ tó gbà lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún un. Bàbá rẹ̀ gbé bààlúù tiwọn lọ mú un wálé, bààlúù kékeré báyìí, àwọn méjèèjì nìkan. Àṣé ọmọ kò lo oògùn àìsàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wà lókè, ó wá dá a lójú pé òun ni Casper, iwin inú ìwé àwòrán yẹn. Iwin kì í sì í ṣubú, àbí? Ló bá na ọwọ́, ó pa bààlúù, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú síta.

Ẹ̀yin ìyá mi. Ọkàn mi ti ń fò sókè láti ibi tí mo jókòó sí yìí, tí mo sì mọ ibi tó parí sí. Bàbá àgbàlagbà! Ẹ ti gbàgbé pé mo ní kí ẹ fi ogun wọn pamọ́ fún mi. Ogun yẹn ló yọ wọ́n. Ọwọ́ tó ti wa bààlúù lójú ìjà kò gbọ̀n. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e lé orí igi inú igbó. Bààlúù rún wómúwómú. Bàbá àti ọmọ jáde, ọgbẹ́ díẹ̀ ni. Daniel ti ibẹ̀ lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Nígbà tí bàbá ń sọ ìtàn náà nínú fíìmù tí Jeff Feuerzeig ṣe nípa ọmọ wọn ní 2005, The Devil and Daniel Johnston, wọ́n bú sẹ́kún. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá o. Bí ẹ bá rí fíìmù yẹn, ẹ má wo Daniel nìkan, ẹ wo bàbá.

Ní ọdún yẹn kan náà, kí n má gbàgbé, ẹgbẹ́ Yo La Tengo wà nínú ilé iṣẹ́ rédíò WFMU ní New Jersey, wọ́n ń lu gìtá, Daniel wà lọ́nà jíjìn réré, ó sì ń bá wọn kọ Speeding Motorcycle lórí fóònù. Lórí fóònù! Ẹ lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń ha. Ó dùn ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n jókòó ṣe lọ.

Wàyí o, Kurt Cobain, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ Nirvana tí gbogbo ayé ń sá tẹ̀lé nígbà náà, wọ tíṣáàtì alákèré Daniel lọ síbi ẹ̀bùn MTV ní 1992. Àkèré wá di olókìkí. Àwọn ilé iṣẹ́ agbórinjáde ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé olórin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ọpọlọ. Elektra gbé ìwé àdéhùn wá. Daniel ní òun kò ṣe! Kí ló dé? Ó ní ẹgbẹ́ olórin Metallica wà lọ́dọ̀ wọn, èṣù sì ni Metallica ń sìn, wọn á lu òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lé owó lọ, tó sì lé mánéjà tó ti ń fi ọdún pípẹ́ bá a ta kásẹ́ẹ̀tì lọ pẹ̀lú. Atlantic ló wá gbà á, wọ́n gbé Fun jáde ní 1994 pẹ̀lú ohun èlò orin gidi, ilé ìgbohùnsílẹ̀ gidi. Kò tà. Ní 1996 wọ́n já a sílẹ̀. Èmi ò rò pé ó yà á lẹ́nu tó bó ṣe ya àwọn tó ń ṣírò owó lẹ́nu.

Àkèré ló tún rí já jù ú lọ. Ní 1993, ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta àwo orin ní Austin ní kó ya Jeremiah sára ògiri wọn, lójú pópó Guadalupe tó ti ń pín kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ṣọ́ọ̀bù náà kógbá sílé. Ní 2004, àwọn tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀ fẹ́ wó ògiri, àwọn ará àdúgbò ní irọ́ ni, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n rọ̀ wọ́n, ni wọ́n bá fi ògiri sílẹ̀. Fún àkèré olójú méjì! Àwòrán rẹ̀ tún wọ ibi ìpàtẹ Whitney ní New York ní 2006, níbi tí àwọn ayàwòrán tó ti kàwé kún ilé ń wá àyè sí tí wọn kò rí.

Àwọn ọdún tó kù, ẹ̀gbẹ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ ló gbé ní Waller, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Houston. Ó sanra, oògùn jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n lórí pèpéle, ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò Mountain Dew bí omi, ó ń ra ìwé àwòrán Captain America. Ó ń kọrin lọ. Ó rìn dé ilẹ̀ Yúróòpù láti kọrin, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí ó ń pín kásẹ́ẹ̀tì sì ń sunkún níwájú pèpéle. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọkàn ló pa á, nínú ilé rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹni ọdún 58 ni. Austin ti fi ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 22 oṣù kìíní, ṣe ọjọ́ tí wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà ọkàn lọ́wọ́ ara wọn láti ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀.

Ẹ bi mí ohun tí mo rí sí i. Wèrè kò kọ orin kankan nínú gbogbo èyí. Wèrè ló fọ́ bààlúù, òun ló dá ìyá onílé lẹ́sẹ̀, òun ló lé owó Elektra lọ, òun ló sì gba ọ̀pọ̀ ọdún tí ọkùnrin yìí kò lè fi kọ ohunkóhun. Daniel ló kọ orin. Ó ti ń kọ ọ́ kí àìsàn tó gbé e, ó mọ ibi tí orin ti ń yí, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó fi sílẹ̀ láìsọ. Ẹgbẹ́ olórin Beatles ló fi ṣe olùkọ́, ó sì gbọ́ ẹ̀kọ́.

Mo mọ̀ pé ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ bí yín nínú. Ó bí mi náà. Ẹ wá àwo kan tí wọ́n gbé jáde ní 2004, The Late Great Daniel Johnston: Discovered Covered. Wọ́n pè é ní olóògbé lórí àwo ọ̀hún nígbà tó ṣì wà láyé, àpárá tiwọn nìyẹn. Méjì ni àwo náà. Nínú èkínní, àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ orin rẹ̀: Tom Waits kọ King Kong, Beck kọ True Love Will Find You in the End. Ẹ gbọ́ ìyẹn tán. Kí ẹ wá fi èkejì sí i, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n níbẹ̀. Kí ẹ tó wá bá mi jiyàn nínú àgbàlá yìí, ẹ gbọ́ méjèèjì.